Ṣé Oògùn Ni, Tàbí Ara Ni?

Kò sí agboolé tí a kò ti í gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. Ìyá lọ sí ọsibítù, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un. Kò pé oṣù kan tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Òòyì ń kọ́ ọ láàárọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́, ikọ́ gbígbẹ kan kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ó ní, "Oògùn yìí ni." Àkọ́bí rẹ̀ ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màmá, ọjọ́ orí ni." Aládùúgbò ní òun náà ń lo irú rẹ̀, kò sì ṣe òun ní ohunkóhun. Dókítà, nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìparí, nítorí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Níkẹyìn, ìyá dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú ìyá, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn náà bí adájọ́ ti í wo ẹjọ́. Gbogbo wọn ni ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó wọn nǹkan kan. Bí oògùn kò bá jẹ̀bi, ìyá ti ju asà rẹ̀ nù lójú ogun, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ni ó máa ń fa àrùn rọpárọsẹ̀, òun náà ni ó máa ń ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Bí oògùn bá sì jẹ̀bi, ìwà ìkà ni kí á máa sọ fún obìnrin pé ọjọ́ orí ni ó ń ṣe é, nígbà tí oògùn mìíràn wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà láìyọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀nà tí a fi ń dá ẹjọ́ yìí wà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti là á sílẹ̀, kò sì le ju ohun tí ẹni tí ó mọ ìṣirò ọjà lè lóye lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á yọ kúrò nínú ẹjọ́ náà ni ẹ̀rí aládùúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gàárì tí ẹ rà lánàá pọ̀ ju tòní lọ, ẹ kò ní fi kóńgò ìyá kan wọn tàná kí ẹ sì fi kóńgò ìyá mìíràn wọn tòní. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kóńgò kò dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kóńgò kan náà ni ó yẹ kí á fi wọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ènìyàn rí.

Ní tòótọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa ní èyí. Gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́njú kí ọdún 2005 tó dé ni yóò rántí Chloroquine, hóró kíkorò tí a fi ń wo ibà, kí ìjọba Nàìjíríà tó fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò rẹ̀ ní ọdún náà, nítorí pé apá rẹ̀ kò ká kòkòrò ibà mọ́. Nínú ilé kan náà, ọmọ ìyá méjì a gbé ìwọ̀n kan náà mì. Ọ̀kan a sùn fọnfọn. Èkejì a máa họ ara títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ta á bí ẹni tí ó tẹ ìjàlọ. Ara yíyún yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn oníṣègùn wa ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí lé e lórí. Bí a bá wá pe ẹni tí ó sùn fọnfọn pé kí ó wá jẹ́rìí lórí ẹni tí ó ń họ ara, kí ni ẹ rò pé yóò sọ?

Nítorí náà, ara obìnrin kan ni kí á fi wé ara obìnrin náà fúnra rẹ̀: bí ó ti rí nígbà tí ó lo oògùn, àti bí ó ti rí nígbà tí kò lò ó. Òǹkà méjì ni yóò ti ara ẹnìkan jáde, bí ìbejì ti í ti inú ìyá kan jáde. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í ya irú ìbejì bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kó gbogbo Táíwò sí yàrá kan, kí wọ́n kó gbogbo Kẹ́hìndé sí yàrá kejì, kí wọ́n wá máa fi yàrá wé yàrá. Wọ́n á mú Kẹ́hìndé, wọ́n á yọ Táíwò tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn.

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ nínú ọ̀ràn yìí wá láti ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ méjì, Cushny àti Peebles, ni ó dán àwọn oògùn oorun wò níbẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1905. (Bí ó bá jẹ́ ayé òde òní ni, wọn ì bá kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀.) Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọn kì í sì í fún un ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń ka iye wákàtí tí ó fi sùn. Alẹ́ tí kò sí oògùn ni wọ́n fi ń mọ iye tí oògùn fi kún oorun aláìsàn náà gan-an, kì í ṣe oorun ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí á mú méjì nínú àwọn oògùn náà, kí á sì wo aláìsàn mẹ́wàá tí òǹkà wọn pé lórí méjèèjì.

Oògùn àkọ́kọ́ fi wákàtí 0.7 kún oorun aláìsàn kìíní; oògùn kejì fi 1.9 kún un. Ní ti aláìsàn kejì, ńṣe ni oògùn àkọ́kọ́ gba wákàtí 1.6 kúrò nínú oorun rẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì fi 0.8 kún un. Ẹni karùn-ún kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni keje ní tirẹ̀ gba oògùn dáradára: wákàtí 3.7 pẹ̀lú àkọ́kọ́, 5.5 pẹ̀lú èkejì. Ẹni kẹsàn-án ni ó yani lẹ́nu jù, nítorí oògùn àkọ́kọ́ kò fi ìṣẹ́jú kan kún oorun rẹ̀, èkejì sì fi wákàtí 4.6 kún un. Nígbà tí a ro ti gbogbo wọn pọ̀ tí a sì pín in sí mẹ́wàá, wákàtí 0.75 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́, 2.33 pẹ̀lú èkejì.

Ẹni tí ó ń kánjú yóò ní ẹjọ́ ti parí, oògùn kejì ni ó lágbára jù. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá péré ni wọ́n. Ta ni ó mọ̀ bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Oorun ènìyàn kì í rí bákan náà lójoojúmọ́, yálà a lo oògùn tàbí a kò lò ó.

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe dókítà. Ilé ìpọntí ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ọtí dúdú tí kò ṣàjèjì níbi ìnáwó wa sì ni wọ́n ń pọn níbẹ̀. William Sealy Gosset ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1899 ni ó wọ iṣẹ́ Guinness ní ìlú Dublin. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ irú ọkà báálì tí ó dára jù fún ọtí wọn, kì í sì í sábà rí ju ìwọ̀nba àyẹ̀wò díẹ̀ lọ láti fi ṣe ìdájọ́. Ó ronú jinlẹ̀ lórí bí a ṣe lè fi òǹkà kékeré dájọ́ láìtan ara ẹni jẹ. Ní ọdún 1908 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tí à ń pè ní Biometrika, àwọn aláìsàn mẹ́wàá ti Kalamazoo sì wà lára àpẹẹrẹ tí ó lò nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi orúkọ ara wọn tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà Student, èyíinì ni Akẹ́kọ̀ọ́, ni ó fi ṣe orúkọ. Títí di òní olónìí, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe ìṣirò náà káàkiri àgbáyé.

Bí ìṣirò náà ti rí nìyí. Ẹ yọ Táíwò kúrò lára Kẹ́hìndé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá. Ohun tí yóò ṣẹ́kù ni 1.2, 2.4, 1.3, 1.3, òfo, 1.0, 1.8, 0.8, 4.6 àti 1.4. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 15.8, ẹ pín in sí mẹ́wàá, ó di 1.58. Èyí ni pé oògùn kejì fi nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún ju àkọ́kọ́ lọ, bí a bá pín in kárí.

Ìbéèrè kejì ni bí àwọn òǹkà mẹ́wàá náà ṣe fọ́n ká tó. Bí gbogbo wọn bá wà ní tòsí 1.58, ọkàn wa yóò balẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi wákàtí mẹ́wàá lọ sókè tí ẹlòmíràn fi mẹ́jọ lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé ariwo lásán ni a ń gbọ́. Ìwọ̀n kan wà tí a fi ń ṣírò bí wọ́n ṣe fọ́n ká. Ní ti àwọn mẹ́wàá yìí, 1.23 ni. Bí ènìyàn tí a wọ̀n bá ti ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń dín kù, nítorí náà a ó fi 3.16 pín 1.23 (3.16 ni òǹkà tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò di 10, iye aláìsàn wa). Ó kù bí 0.39. Ohun tí ó kù ni kí á wò ó bóyá ìyàtọ̀ tí a rí, 1.58, ju àṣìṣe tí a lè máa retí yìí lọ. Ó jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀: 4.06. Fún ènìyàn mẹ́wàá, ìṣirò Akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé bí oògùn méjèèjì bá dọ́gba lágbára, ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú ẹgbẹ̀rún ni irú ìyàtọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lè ṣèèṣì yọjú.

Ẹ wá wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ya ìbejì wọ̀nyí. Òǹkà kan náà ni, aláìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n kí á ṣe bí ẹni pé ènìyàn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ ni ó lo oògùn àkọ́kọ́, tí ènìyàn mẹ́wàá mìíràn sì lo èkejì. Ìlọ́po mẹ́rin yẹn yóò já wálẹ̀ sí 1.86, ohun tí ó sì lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹgbẹ̀rún yóò di ohun tí ó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni yóò sọ pé kò sí ẹ̀rí tí ó tó. Òtítọ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Pípa tí a pa ẹni tí í sùn púpọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tí kì í rí oorun sùn ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Èmi gbà pé ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ àwọn ìyá wa nígbà tí a bá ń dá wọn lóhùn pé "ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lò ó, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Ẹni tí kò bá fẹ́ ìṣirò tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè fi owó wẹ́wẹ́ ṣe é. Nínú àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí, ẹnìkan kò rí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí á yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tí ó kù, gbogbo wọn pátá ni ó sùn jù pẹ̀lú oògùn kejì. Ẹ da owó onírin mẹ́sàn-án sókè kí ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn yóò fi orí lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà kan ṣoṣo nínú 512 ni èyí lè ṣẹlẹ̀.

Oògùn oorun ni a ti ń sọ bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìyọnu tí oògùn ń bá wá ni ìyá tiwa bá ara rẹ̀ nínú. Ìṣirò kan náà ni. Dípò wákàtí oorun, kí á fi ìwọ̀n ìrora sí i, tàbí iye ìgbà tí ó wúkọ́ lóru. Ibi tí ọ̀ràn ti le díẹ̀ ni pé kíkọ "kí ó tó lo oògùn" àti "lẹ́yìn tí ó lò ó" nìkan kò tó. Ìdí ni pé a máa ń lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ tí ara bá le jù, ara yóò sì yí padà lẹ́yìn náà, yálà a lo oògùn tàbí a kò lò ó. Àkókò ọyẹ́ lè dé láàárín kan, kí ikọ́ sì bá a dé. Èyí tí ó ta gbogbo rẹ̀ yọ ni pé ọkàn tí ó ń retí ìyọnu a máa rí ìyọnu.

Àwọn obìnrin ti jìyà ìdájọ́ ojú lásán lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn ìfètòsọ́mọbíbí wò lára àwọn obìnrin ní Río Piedras, ní erékùṣù Puerto Rico. Obìnrin ni dókítà tí ó ń bójú tó wọn níbẹ̀, Edris Rice-Wray. Ó jábọ̀ pé oògùn náà dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ oyún dáadáa, ṣùgbọ́n 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ráhùn òòyì, èébì, orí fífọ́ àti inú rírun, ìyọnu náà sì pọ̀ jù lójú òun. Gregory Pincus, ọ̀kan lára àwọn olórí iṣẹ́ náà, gbà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìráhùn yìí ti ọkàn àwọn obìnrin náà wá. Bẹ́ẹ̀, èròjà inú hóró ìgbà yẹn pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú hóró òde òní lọ fíìfíì, ó sì di mímọ̀ lẹ́yìn náà pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ìráhùn obìnrin kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán dá nù.

Kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán gbà. Àwọn onímọ̀ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fi èyí hàn ní ọdún 2020. Wọ́n wá ọgọ́ta ènìyàn tí ó ti pa oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù tì, oògùn tí à ń pè ní statin, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni ìyọnu ti bá wọn. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò méjìlá, ọ̀kan fún oṣù kan. Ìgò mẹ́rin ní oògùn gidi nínú. Mẹ́rin ní hóró tí ó jọ oògùn nínú ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà oògùn kankan. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní hóró òfìfo. Mẹ́rin tí ó kù kò ní ohunkóhun nínú. Wọ́n da ètò àwọn oṣù náà rú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń gbé hóró mì kò mọ̀ bóyá gidi ni tàbí òfìfo. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi òǹkà láti orí òfo dé ọgọ́rùn-ún sọ bí ìyọnu ara rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ní oṣù tí wọn kò gbé nǹkan kan mì, 8.0 ni ìwọ̀n ìyọnu wọn bí a bá pín in kárí. Ní oṣù oògùn gidi, ó di 16.3. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò sọ pé ọ̀daràn ti bọ́ sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù hóró òfìfo, 15.4 ni! Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oògùn gidi àti òfìfo kò ju ohun tí ó lè ṣèèṣì yọjú lọ. Nínú ìdá mẹ́wàá ìyọnu tí ó gun orí wọn nígbà tí wọ́n ń lo oògùn, bí ìdá mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú hóró òfìfo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbọ́ èyí bí ẹni pé wọ́n ń purọ́. Ìrora náà dé ara wọn ní tòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Ohun tí ó fà á ni wọn kò mọ̀. Gbígbé oògùn mì pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni ó ń mú un wá, kì í ṣe èròjà inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fi ìwé àkọsílẹ̀ olúkúlùkù hàn án, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, ọgbọ̀n nínú àwọn ọgọ́ta náà ni ó ti padà sídìí oògùn wọn ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó bá wọn wí kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Òǹkà ara wọn ni ó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ikọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ti jàre. Ẹ̀yà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, àwọn bí captopril, enalapril àti lisinopril, tí wọ́n ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Wọ́n dá oògùn dúró, ikọ́ lọ. Wọ́n tún fún wọn, ikọ́ padà dé. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yà mìíràn bí losartan, ikọ́ dín kù. Ìbejì rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìdáhùn, kì í ṣe wákàtí. Fún irú èyí, Quinn McNemar ará Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní ọdún 1947 tí ó dùn mọ́ mi nítorí pé ó rọrùn.

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ogójì obìnrin lo oògùn ní oṣù kan, wọ́n sì lo hóró òfìfo ní oṣù mìíràn. Mẹ́fà wúkọ́ ní oṣù méjèèjì; ikọ́ tiwọn ti wà tẹ́lẹ̀, wọn kò lè jẹ́rìí. Ogún kò wúkọ́ rárá. Àwọn náà kò lè jẹ́rìí. Àwọn mẹ́rìnlá tí ipò wọn yí padà nìkan ni a ó pè. Bí oògùn kò bá jẹ̀bi, ó yẹ kí wọ́n pín sí méjì, bí i méje sí méje. Bí méjìlá bá wúkọ́ ní oṣù oògùn, tí méjì péré sì wúkọ́ ní oṣù òfìfo, irú ìpín bẹ́ẹ̀ tí ó fì sí ọ̀kan tó báyìí kì í ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ̀ẹ̀mẹtàlá lọ nínú ẹgbẹ̀rún.

Ní ilé tiwa, a kò ní hóró òfìfo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a lè ṣe tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í ṣe: kí á kọ Táíwò sílẹ̀. Nígbà tí oògùn tuntun bá wọ ilé, gbogbo wa ni a máa ń ṣọ́ ohun tí yóò tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kì í rántí bí ara ti rí ṣáájú. Bí dókítà bá gbà pé oògùn náà lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ bí orí, ẹsẹ̀, ikọ́ àti oorun ti rí lójoojúmọ́, láti orí òfo dé mẹ́wàá. Bí kò bá lè dúró, ẹ kọ ti ọjọ́ kan náà kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa kọ ọ́ lọ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ má ṣe máa yẹ ti àná wò kí ẹ tó kọ tòní. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ dé sí i, ẹ kọ oògùn mìíràn tí ẹ lò, títí kan àgbo. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, apá kan náà ni kí ẹ máa wọ̀n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó sinmi.

Ìwé yìí ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà. Òun ni yóò pinnu bóyá kí á dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀, kí á dín in kù, tàbí kí á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín láti fi wá ìbejì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bí i propranolol, tí ó jẹ́ pé bí a bá gé e lójijì, ewu ni fún ọkàn. Oògùn wárápá náà rí bẹ́ẹ̀, gígé e lójijì lè mú kí gìrì gbé ènìyàn.

Àwọn ìyọnu kan sì wà tí a kì í dán wò lẹ́ẹ̀kejì. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú lójijì lẹ́yìn tí a lo lisinopril tàbí àwọn ẹbí rẹ̀, ọ̀fun lè dí. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọsibítù ni kí á gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn náà mọ́. Bákan náà ni bí awọ ara bá ń bó tí ẹnu sì ń di egbò lẹ́yìn oògùn alásọ́fà. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó.

Yálà ìyọnu náà kéré tàbí ó tóbi, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn yín fún fọ́ọ̀mù aláwọ̀ iyeyè ti NAFDAC, èyí tí a fi ń jábọ̀ ohun tí oògùn ṣe fún ènìyàn. Wọn yóò fẹ́ mọ orúkọ oògùn, nọ́ńbà tí ó wà lára páálí rẹ̀, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tíì da páálí náà nù.